Ọkọ̀ Tó Ń Padà Wá sí Igbona

Owú kì í kọ́ ilé tirẹ̀. Inú ilé tí ìfẹ́ bá kọ́ ló máa ń wọ̀ sí, yàrá tó dára jù níbẹ̀ ni á sì gbà. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún Rùkáyà, ọmọ Alàájì Rájí ti Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo. Kí ó tó mọ Akínkúnmi, kò sí ẹni tó lè sọ pé òun rí i kí ó jowú rí. Àbúrò rẹ̀ á wọ aṣọ rẹ̀, á wọ bàtà rẹ̀ jáde, ẹ̀rín ni yóò fi í rín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkọ̀ kékeré kan aláwọ̀ eérú bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Iléṣà, Rùkáyà mọ̀ pé òun náà ní ohun tí òun kò lè yá ènìyàn.

Abẹ́ agboòrùn Nọ́síràtù ni òun àti Akínkúnmi ti pàdé. Nọ́síràtù yìí jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ní àdúgbò Igbona ló ń gbé ẹ̀rọ POS kalẹ̀ sí, tó ń bá àwọn ènìyàn gba owó. Lọ́jọ́ kan, Rùkáyà ti ibi iṣẹ́ ìjọba dé láti Abéré, ó yà kí i. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan dé, ó ga, ó dúdú, ọ́ìlì sì bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì títí dé ìgúnpá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ nọ́ńbà mi," ó wí fún Rùkáyà. "Bí mo bá fi ọwọ́ yìí kan ẹ̀rọ Nọ́síràtù, pípa ni yóò pa mí."

"Nọ́ńbà àṣírí yín kẹ̀? Ẹ ò mọ̀ mí rí!"

"Ojú yín ò jọ ti olè."

"Ojú olè wo lẹ mọ̀?"

"Ti Nọ́síràtù yìí."

Nọ́síràtù ju àkísà lù ú. Rùkáyà rẹ́rìn-ín, ó tẹ nọ́ńbà náà. Bí ó ṣe mọ àṣírí ọkùnrin náà kí ó tó mọ orúkọ rẹ̀ nìyẹn. Akínkúnmi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ọ̀tan-Ilé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Mẹkáníìkì ni, gíà ọtọmátíìkì nìkan ló sì ń tún ṣe, gíà tó ń yí ara rẹ̀ padà láìjẹ́ pé awakọ̀ fọwọ́ yí i. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí agboòrùn Nọ́síràtù. Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ Rùkáyà ti mọ ọ̀nà Igbona ju ọ̀nà ilé lọ, Nọ́síràtù sì di alárenà wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yàn án.

Ọdún kan àti díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ọkọ̀ aláwọ̀ eérú dé.

Ọkọ̀ náà ti darúgbó. Tiwalọlá ló ni ín, olùkọ́ kan ní Iléṣà, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni òun náà. Bí ọkọ̀ náà bá ti gbóná, tó sì fẹ́ ṣí kúrò lójú kan, tàbí tó ń gun òkè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbogbo ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà mú. Akínkúnmi yọ ọ́ìlì gíà rẹ̀, ó tú inú rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó rọ ọ́ìlì tuntun sí i. Ọkọ̀ náà lọ geere. Kò pẹ́ kò jìnnà, ó tún padà wá, ó ń gbọ̀n. Akínkúnmi tún un ṣe, ó tún lọ. Ó tún padà wá.

Bẹ́ẹ̀, àṣà àwọn mẹkáníìkì ni pé wọn kì í fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹni tó ni ọkọ̀ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ wà á jáde, kí onítọ̀hún fi ara rẹ̀ gbọ́ pé àìsàn ti lọ. Àìsàn ọkọ̀ yìí kì í sì í yọjú títí yóò fi gbóná dáadáa. Nítorí náà, wọn kì í jáde ní ìjáde kékeré.

"Wọ́n tún ti jáde o," Nọ́síràtù wí lórí fóònù.

"Àwọn wo?"

"O fẹ́ kí n dárúkọ ni? Ọ̀gá gíà àti ọmọge Iléṣà. Ó jókòó síwájú, ó gbé awò ojú lérí. Ẹ̀rín tí wọ́n ń rín, mo gbọ́ ọ níhìn-ín."

"Ẹ̀rín kí ni? Ṣé gíà ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

"Má bi mí o. Ohun tí ojú mi rí ni ẹnu mi ń sọ."

Rùkáyà kò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Àyà tirẹ̀ lọ́jọ́ náà, bí ẹni pé wọ́n fi ọ̀bẹ ha á ni. Bí ó ṣe kúrò níbi iṣẹ́, Igbona ló gbà lọ.

"Akínkúnmi, irú ọkọ̀ wo ni kì í yé ṣàìsàn?"

"Ó ń ya èmi náà lẹ́nu." Ó nu ọwọ́ rẹ̀. "Wò ó, gíà yìí dà bí ẹni tó ń gba ààwẹ̀. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ọ́ìlì tirẹ̀ nìkan ló ń mu. Bí nǹkan mìíràn bá dà pọ̀ mọ́ ọn, àwọn awo inú rẹ̀ kò ní lè di ara wọn mú, wọ́n á máa yọ̀, wọ́n á máa mú, wọ́n á máa yọ̀. Òun ni gbígbọ̀n yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo bá yọ ọ́ìlì ọkọ̀ yìí, òórùn rẹ̀ kì í yé mi. Mo bi Tiwa bóyá ẹnì kan ń rọ nǹkan sí i, ó ní rárá."

"Tiwa?"

"Tiwalọlá."

"Tiwa lo pè é."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú ń pè é láti kékeré."

"Kí lo wá ń pe èmi?"

"Rùkáyà."

"Ó pé pérépéré. Kò sí ẹni tó gé tèmi kúrú."

Akínkúnmi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì.

Kì í ṣe Rùkáyà nìkan ló ń ka ìgbà tí ọkọ̀ náà ń padà wá. Bàbá rẹ̀ náà ti gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ni Alàájì Rájí ń ṣe sí ọrùn agbádá, abẹ́rẹ́ àti okùn ni, kò fi ẹ̀rọ kàn án láti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí Rùkáyà kúnlẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ Akínkúnmi, kò gbé ojú kúrò lára aṣọ.

"Ọ̀rọ̀ pé onígbàgbọ́ ni, a lè jókòó lé e lórí," ó wí. "Ìdílé wa ti fi ọmọ fún onígbàgbọ́ rí, ọ̀run ò ya. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni kò ṣeé jókòó lé. Aṣọ tó bá ti kúrò lọ́wọ́ mi, ó lọ nìyẹn. Kò sí agbádá tó padà wá bá mi pé okùn òun tú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn tó ń lọ tó ń bọ̀ bíi reluwé ayé ìgbà kan. Yálà kò mọ iṣẹ́, tàbí ó mọ̀ ọ́n, ó ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ẹni tó ni ọkọ̀. Èwo nínú méjèèjì ni kí n fi ọmọ mi fún?"

Ìbéèrè kan náà ló wà nínú Rùkáyà fúnra rẹ̀, àfi pé òun kò tíì gboyà tẹ́ ẹ sílẹ̀ báyẹn.

"Ọjọ́ tí ọkọ̀ yẹn bá lọ tí kò padà," bàbá wí, "kí ó kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá. Kí ó tó dìgbà náà, má jẹ̀ẹ́ kí n tún gbọ́ ọ."

Nígbà tí Akínkúnmi gbọ́, kò bínú. "Òótọ́ ni bàbá sọ," ó ní. "N ó tún un tú. Lẹ́yìn náà, n ó wà á dé Ọ̀tan-Ilé, n ó fi òkè ọ̀nà Ìbòkun dán an wò ní àlọ àti àbọ̀. Wá bá wa lọ, kí o rí ìyá mi."

"'Wa' yẹn, ta ni àti ta ni?"

"Ẹni tó ni ọkọ̀ á wà níbẹ̀ ṣáá, Rùkáyà."

Ní ọjọ́ Sátidé, Rùkáyà dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú Nọ́síràtù, nítorí bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ó dá rin ìrìn àjò. Tiwalọlá ti wà níwájú, ó ti di bẹ́líìtì.

"Ẹ kú àárọ̀ o, Àǹtí Rùkáyà," ó wí. "Ẹ má bínú pé ẹ̀yìn ló ṣẹ́ kù."

"Ẹ̀yìn dára. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn ló ń rí gbogbo nǹkan."

Nọ́síràtù fi ìgúnpá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n gbéra. Ọkọ̀ náà rọra ń lọ bí ẹni ń rìn lórí òwú. Ó gun òkè, kò gbọ̀n. Ó dúró, ó ṣí, kò gbọ̀n. Akínkúnmi bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Tiwalọlá ń sọ ìtàn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ, bí Akínkúnmi ṣe jábọ́ láti orí igi ìṣin. Gbogbo ìtàn náà ni Rùkáyà kò sí nínú rẹ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn orí àwọn méjèèjì, ó ń rò ó pé ìgbà tí òun kò tíì mọ̀ ọ́n gùn ju ìgbà tí òun ti mọ̀ ọ́n lọ. Báwo ni ènìyàn ṣe ń jowú ọmọ kékeré tó jábọ́ láti orí igi? Síbẹ̀, owú náà ń jẹ ẹ́.

Ìyá Akínkúnmi jáde sí wọn ní Ọ̀tan-Ilé, ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyàwó mi dé!" Tiwalọlá ni ó dì mọ́. Lẹ́yìn náà ló rí àwọn yòókù. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò. Ẹ kú òde Òṣogbo. Uṣu ni a ń gún ní ulé yìí o, ṣé ẹ̀yin ń jẹ ẹ́?"

"Màmá, ẹ gbé e wá ná," Nọ́síràtù dáhùn. "Ẹ ó rí ẹni tó ń jẹ iyán."

Rùkáyà kúnlẹ̀. Ìyá náà kí i dáadáa, ṣùgbọ́n ó kí i bí a ṣe ń kí ẹni tó ń kọjá lọ. Aládúrà ni ìyá, ìjọ kan náà ni òun àti Tiwalọlá ń lọ. Ọjọ́ ìsinmi gbogbo ni ọmọbìnrin náà ń wa ọkọ̀ rẹ̀ wá láti Iléṣà láti wá kọrin níbẹ̀.

Wọ́n jẹun tán. Akínkúnmi lọ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Tiwalọlá yà lọ sí ilé àwọn òbí rẹ̀, Nọ́síràtù na ara lórí ẹní. Rùkáyà gbé búútà omi, ó lọ sẹ́yìnkùlé láti ṣe àlùwàlá. Ó ń fọ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó gbọ́ ohùn àdúrà láti ibi tí ọkọ̀ wà.

Ìyá ni. Ó bọ́ bàtà, ó wé gèlè funfun. Ó ti ṣí iwájú ọkọ̀ náà sókè, ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì gíà yọ, ó ń da òróró láti inú ìgò kékeré kan sínú ihò rẹ̀.

"Olúwa," ìyá ń wí, "wo ọkọ̀ yìí sàn. Bó ṣe ń gbé ọmọbìnrin yìí lọ bá ọmọ mi, jẹ́ kó gbé e dé ilé ọkọ."

Omi ń ro tó tó láti ẹsẹ̀ Rùkáyà. Ó dúró gbagidi. Gbogbo ohun tí ó ti ń rò láti oṣù mélòó kan wá ló tò lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: òórùn tí kò yé Akínkúnmi, ọkọ̀ tó ń dára ní Òṣogbo tó ń bàjẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ ìsinmi. Ó lọ bá ìyá.

"Màmá, kí lẹ dà síbẹ̀?"

Ìyá ta gìrì, ṣùgbọ́n kò fi ìgò pamọ́. "Òróró àdúrà ni. Ọmọ mi ló fi ihò yìí hàn mí. Ó ní ibẹ̀ ni àìsàn rẹ̀ wà, ó ní ọ́ìlì yìí ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí n ta á sí ojú ibi tó ń dùn ún gan-an."

"Ẹ ti ń dà á láti ìgbà wo, mà?"

"Gbogbo ọjọ́ ìsinmi tí ó bá wá. Kí ló dé?"

"Màmá, gíà kì í mu òróró. Ọ́ìlì tirẹ̀ nìkan ló ń mu. Akínkúnmi ló sọ fún mi. Òróró yìí ló ń mú un gbọ̀n."

"Òróró tí a gbàdúrà sí, kò lè ba nǹkan jẹ́!" Ohùn ìyá le. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣírò. Ó wo ìgò, ó wo ihò náà, ó jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà. "Ah. Èmi ni mo ń ba iṣẹ́ ọmọ mi jẹ́?"

Rùkáyà gba ọ̀pá ọ́ìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tì í padà sínú ihò.

"Lọ sọ fún un," ìyá wí pẹ̀lú ìkorò. "Ohun tí o ń wá nìyẹn. Lọ pariwo rẹ̀, kí ó mọ irú ìyá tí òun ní. Ó ti bọ́ sí ọ lọ́wọ́."

Òótọ́ ni, ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Gbólóhùn kan péré, àwọn méjèèjì tó ń pe ara wọn ní ìyá àti ìyàwó ni ojú máa tì. Adùn rẹ̀ ti dé orí ahọ́n Rùkáyà. Adùn náà gan-an ló sì bà á lẹ́rù.

"Ọmọ yín ni, mà," ó wí. "Ẹ̀yin lẹ ó sọ fún un. Èmi ò ní sọ ọ́."

Ó padà lọ, ó tún àlùwàlá rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń lọ, ìyá kò sọ nǹkan kan. Ó juwọ́ sí wọn, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Wọn kò tíì jìnnà sí Ìbòkun nígbà tí ọkọ̀ náà dé ẹsẹ̀ òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ̀n, ó gbọ̀n, awò ojú Tiwalọlá jábọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Akínkúnmi pa á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀.

"Ó ti tán," ó wí. "Tiwa, gbé e lọ sí Ìbàdàn. Bóyá àwọn tó mọ iṣẹ́ wà níbẹ̀. Rùkáyà, sọ fún bàbá pé òótọ́ ni wọ́n sọ nípa mi."

Tiwalọlá gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Má sọ bẹ́ẹ̀, Kúnmi."

Kúnmi! Nọ́síràtù yí ojú sí Rùkáyà, ó ń retí kí iná ràn. Rùkáyà rí ọwọ́ yẹn lórí èjìká yẹn, ó rí àwọn ìka tí wọ́n kùn ní pupa. Ọ̀rọ̀ dé eyín rẹ̀. Bí ó bá sọ ọ́, ara Akínkúnmi á balẹ̀, ọwọ́ yẹn náà á kúrò níbẹ̀. Ó bu ètè jẹ títí ó fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Nínú ọkàn rẹ̀, ó fún ìyá títí di Jímọ̀. Bí Jímọ̀ bá kọjá, òun á sọ ọ́, kí Ọlọ́run foríjì òun.

Ọjọ́ wọ̀nyẹn gùn. Wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà padà dé Igbona, ṣùgbọ́n Akínkúnmi kò fọwọ́ kàn án, kò sì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Nọ́síràtù ní, "Ìwọ ni kò sọkún, ìwọ ni kò bú ẹnikẹ́ni. Ṣé kò ń ṣe ọ́?" Rùkáyà ní, "Fi mí sílẹ̀." Lóru, á máa rò ó pé bóyá Tiwalọlá wà lọ́dọ̀ Akínkúnmi tó ń tù ú nínú, lójúmọ́, á kórìíra ara rẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ṣe kí ìrun Àlàásárì tán, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ní Òkè Baálẹ̀. Ìyá Akínkúnmi ni, òun nìkan, eruku ọ̀nà lára rẹ̀. Rùkáyà wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ nísàlẹ̀. Alàájì Rájí gbé aṣọ sílẹ̀ lórí itan.

"Alàájì, ẹ ò mọ̀ mí," ìyá wí, ó kúnlẹ̀ tàgbàtàgbà. "Èmi ni mo bí mẹkáníìkì tí ẹ lé. Iṣẹ́ ọmọ mi kò bàjẹ́. Ọwọ́ mi ló ń bà á jẹ́." Ó sọ gbogbo rẹ̀: òróró, ihò, àdúrà, títí kan ohun tí ó ń tọrọ nínú àdúrà náà. "Mo ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó dé ibí. Mo ti sọ fún un. Ó ń yọ gbogbo rẹ̀ dànù báyìí."

"Ẹ dìde, ìyá. Ẹ sì lè dákẹ́. Ta ni ì bá mọ̀?"

"Ọmọ yín ló mọ̀. Ojú rẹ̀ ni mo ṣe é. Mo ń retí kí ọmọ mi pè mí lórí fóònù, kí ó bú mi; kò pè. Ọjọ́ kejì, kò pè. Mo pe ọmọbìnrin yẹn ní ìyàwó mi lójú rẹ̀, mo fi í ṣe àlejò, ó sì bò mí láṣìírí. Alàájì, ẹni tí inú rẹ̀ ń jó tó lè di ẹnu rẹ̀ báyẹn, bí mo bá lé e lọ, níbo ni mo tún fẹ́ rí òmíràn?"

Alàájì wo kọ́tìnì fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé ó ní ẹsẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ mi kò yí padà," ó wí. "Kí ọkọ̀ lọ ná."

Ọkọ̀ lọ. Òjò rọ̀, òjò dá, ọkọ̀ kò padà. Nígbà tí ọyẹ́ ń tán lọ, àwọn ará Ọ̀tan-Ilé wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọkọ̀ aláwọ̀ eérú náà ló gbé ìyá wá, Tiwalọlá ló wà á, ó sì gun òkè Òkè Baálẹ̀ wá wọ́ọ́rọ́wọ́. Tiwalọlá bá Rùkáyà nínú yàrá, níbi tí ó ti ń tún gèlè wé.

"N kò ní purọ́ fún yín," Tiwalọlá wí. "Mo fẹ́ ẹ. Bí ó bá ti wo ọ̀dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ kì bá tí rí i gbà."

"Mo mọ̀," Rùkáyà dáhùn. "Kò sí ọjọ́ kan tí n kò mọ̀ ọ́n." Wọ́n wo ara wọn. Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tiwalọlá bá a fa etí gèlè náà dọ́gba kí ó tó jáde.

Nígbà tí àwọn àgbà ń jẹun, Akínkúnmi rí àyè bá a sọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà, ó fọ̀ ọ́ títí dé abẹ́ èékánná.

"Ohun kan ló kù tí kò yé mi," ó wí. "O rí mi lójú ọ̀nà Ìbòkun, tí mo gbé orí lé ọwọ́ ọkọ̀. O mọ̀. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

Rùkáyà wo ọwọ́ rẹ̀ tó mọ́ náà.

"Ọwọ́ Tiwalọlá wà léjìká rẹ nígbà náà," ó ní. "Bí mo bá sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, títí n ó fi kú, n kò ní mọ̀ bóyá ìfẹ́ ló la ẹnu mi, tàbí owú."